Ìbákà ń Tún Orin Kọ́ Lọ́dọọdún

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tí gbogbo agboolé wa ń pè ní Màmá Àgbà, ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa nígbà tí ó sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ mọ̀wé. Kì í ṣe pé ó ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, kò sì fẹ́ bá akọ̀wé kankan du ipò. Ohun tí ó wí ni pé ó ti sú òun láti máa gbé lẹ́tà tí ọmọ òun kọ sí òun kiri àdúgbò, kí ará ìta sì máa gbọ́ àṣírí inú rẹ̀ kí òun tí a kọ ọ́ sí tó gbọ́. Ó ra síléètì, ó ra ṣọ́ọ̀kì, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan lọ sí kíláàsì alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí ó ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ tí ó ti fi rẹ aṣọ láró fún ogójì ọdún fa igi gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ òdo kékeré kan kí ó lè di b, ẹnì kan nínú ilé, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé, yọjú wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin Màmá, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò o, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọdé ni mí. Màmá Àgbà kò fèsì. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu b náà kúrò, ó ti síléètì bọ abẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀, oṣù púpọ̀ sì kọjá kí ó tó tún fọwọ́ kàn án.

Èmi kò bá àwọn baba ńlá wa jà lórí òwe náà. Òbí tí ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́ ni wọ́n pa á fún, òtítọ́ pọ́ńbélé sì ni. Ohun tí ó ń dùn mí láti ọjọ́ náà ni pé àwa ọmọ wọn mú òwe tí wọ́n fi kìlọ̀ fún òbí, a sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ti àgbàlagbà mọ́ ìta ilé ẹ̀kọ́. Bí ìyá ẹni àádọ́ta ọdún bá ní òun fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà, òwe yìí ni a ó fi dá a lóhùn. Bí bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì bá ní òun fẹ́ kọ́ dùrù, òun náà ni. Títí àgbàlagbà fúnra rẹ̀ yóò fi gbà pé orí òun ti di igbá tí a ti dé, tí ohunkóhun kò tún lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ pe ẹlẹ́rìí kan wá síwájú yín, ẹlẹ́rìí tí kò kún ọwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n tí ó ti pa àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ayé lẹ́nu mọ́: ìbákà, olóhùn iyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé orin ẹyẹ, ẹ̀kọ́ ni. Kì í ṣe ti gbogbo ẹyẹ o. Àkùkọ tí ń kọ ní ìdájí kò kọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ẹyin adìẹ sábẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kí ó pa á, bí ọmọ náà bá ya akọ tí ó sì dàgbà, bí baba rẹ̀ tí kò rí rí ti ń kọ ni òun náà yóò máa kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àdàbà, àbímọ́ ni ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran mẹ́ta wà láàárín ẹyẹ tí ó ní láti gba ohùn lẹ́nu ẹlòmíràn kí tirẹ̀ tó gún: àwọn ẹyẹ olórin, tí ìbákà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, odídẹrẹ́ àti àwọn ẹbí rẹ̀, odídẹrẹ́ ayékòótọ́ tí a fi ń ki ará Ìwó, àti àwọn ẹyẹ tín-ín-tín ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń fi ẹnu gígùn mu omi dídùn inú òdòdó. Nínú gbogbo ẹran tí ń fọ́mọ lọ́mú, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní irú ẹ̀bùn yìí, àwa ènìyàn wà níbẹ̀, àbùùbùtán inú òkun náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀bọ tí ó jọ wá jù lọ kò ní in tó ìbákà.

Ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gbẹ́ni William Thorpe ti fi ìdí èyí múlẹ̀ láàárín 1950 sí 1960. Ó mú ọmọ ẹyẹ kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chaffinch láti inú ìtẹ́, ó tọ́ ọ ní àdáwà níbi tí kò ti lè gbọ́ ohùn àgbà kankan, nígbà tí ó sì tó àkókò orin, ẹyẹ náà lanu, ohun tí ó jáde sì dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí a gé ní ahọ́n: ó gùn tó bí orin ti í gùn, ṣùgbọ́n kò ní ìpín, kò ní ọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àṣekágbá tí a fi ń mọ orin ìran rẹ̀. Peter Marler, tí ó ti bá Thorpe ṣiṣẹ́, kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì rí i ní agbègbè San Francisco pé irú ẹyẹ kan ṣoṣo ń kọrin ní oríṣiríṣi ẹ̀ka ohùn láti àfonífojì dé àfonífojì, bí ohùn Èkìtì ti yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú, tí ti Ìjẹ̀bú sì yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́, ibi tí a sì ti tọ́ ọmọ ẹyẹ ni ó ń sọ èdè ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà lónìí, ẹyẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ regent honeyeater, tí iye rẹ̀ ti dín kù débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò rí àgbà kọ́ orin lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2021, wọ́n ní àwọn akọ mìíràn nínú wọn ń kọ orin ẹyẹ tí kì í ṣe ìran wọn, abo kì í sì í fẹ́ dá wọn lóhùn. Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́.

Ẹ wò bí ọmọ ẹyẹ ti ń kọ́ orin náà. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ogójì ọjọ́ tí ó ti jáde nínú ẹyin, ọmọ ìbákà akọ á lọ dá dúró lórí ẹ̀ka kan, á wú ìyẹ́ ara rẹ̀, ojú á máa pa dé bí ẹni tí ń tòògbé, ẹnu kò sì ní là tán. Láti inú ọ̀fun rẹ̀ ni ohùn kan á ti máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò tíì di orin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe igbe, gẹ́gẹ́ bí ìkókó ti ń dá sọ̀rọ̀ lórí ẹní nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ pọnmi. Á gbé ìró kan jáde, á fi etí ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n mọ́ èyí tí ó ti gbọ́ lẹ́nu àgbà, á jù ú nù, á tún gbé òmíràn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí orin náà tó dì gbagidi ní nǹkan bí oṣù kẹjọ ọjọ́ orí rẹ̀, nígbà tí ó bá tó àkókò fún un láti wá aya.

Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbe òwe ìrókò lẹ́yìn kò ní ṣaláì rí ẹyẹ tí yóò jẹ́rìí sí i. Ẹyẹ Ọsirélíà kan wà tí wọ́n ń pè ní zebra finch, tí ó jẹ́ pé orin kan ṣoṣo ni í kọ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá sì ti pé, ìlẹ̀kùn ti, orin yẹn náà ni yóò sì máa kọ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyẹ yìí nìkan ni Ọlọ́run dá, ǹ bá ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá ìbákà pẹ̀lú.

Ìbákà tí mo ń sọ yìí, ẹbí ìbákà tí ń jẹ hóró koríko ní oko wa ni, ṣùgbọ́n ti erékùṣù Kánárì ni, èyí tí ó wà nínú òkun ní ìwọ̀-oòrùn Mòrókò, láti ibi tí àwọn ará Sípéènì ti kó o lọ sí Yúróòpù ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àṣà tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà ìrúwé, orin rẹ̀ á gún régé, kò ní yẹ̀ lójú kan. Bí ìgbà ọmọ bíbí bá kọjá, tí ìgbà ìwọ́wé sì ń wọlé bọ̀, orin náà á tú. Àgbà ẹyẹ tí a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò bí ọmọ ogójì ọjọ́. Á ju àwọn ìró kan nù, á wá òmíràn, nígbà tí ìrúwé mìíràn bá sì fi máa dé, orin tuntun ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọdọọdún ni.

Fernando Nottebohm, ọmọ ìlú Buenos Aires ní ilẹ̀ Ajẹntínà, tí ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Marler kí ó tó lọ sí Yunifásítì Rockefeller ní New York ní 1967, ni ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹyẹ náà nígbà tí orin rẹ̀ bá ń tú tí ó sì ń dì. Ní 1976, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ibi tí orin gbé ń jáde nínú ọpọlọ ìbákà, wọ́n sì rí i pé àwọn ibi náà tóbi lórí akọ tí ń kọrin gan-an ju ti abo lọ. Ní 1981, ó tẹ ìwé kan tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ó ní ibi pàtàkì kan nínú ọ̀nà orin yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní HVC, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì nígbà ìrúwé ju bí ó ti rí nígbà ìwọ́wé lọ. Ọpọlọ àgbà ń wú, ó ń fọn, bí odò tí ń kún lójò tí ó sì ń fà lẹ́ẹ̀rùn.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà gbọ́ nígbà náà. Santiago Ramón y Cajal, ọmọ Sípéènì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, baba gbogbo àwọn tí ń ṣèwádìí ọpọlọ, ti fi lélẹ̀ pé bí ènìyàn tàbí ẹran bá ti dàgbà, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ lè kú, ṣùgbọ́n òmíràn kì í hù dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ já a ní koro. Nígbà tí Joseph Altman ní Amẹ́ríkà sì wí láàárín 1960 sí 1970 pé òun rí sẹ́ẹ̀lì tuntun nínú ọpọlọ eku tí ó ti dàgbà, wọ́n fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Nottebohm àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Steven Goldman, ni wọ́n rìn jìnnà. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá fẹ́ pín sí méjì, èròjà kan wà tí kò lè ṣe aláìlò; wọ́n mú èròjà yìí, wọ́n fi ohun tí ń tan ìtànṣán sàmì sí i, wọ́n sì fún àwọn abo ìbákà tí ó ti dàgbà ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí tí a bá bí ní ọjọ́ wọ̀nyẹn lè gbé àmì náà dání bí ọmọ tí a bí pẹ̀lú ilà. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní omi ara tí í sọ akọ di akọ, nítorí pé abo tí ó bá gbà á á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bí akọ. Wọn kò fún àwọn yòókù. Wọ́n dúró fún nǹkan bí oṣù kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gé ọpọlọ náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju awẹ́ àlùbọ́sà lọ, tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí dígí, tí wọ́n sì fi ojú máíkírósíkóòpù wò ó: níbi tí orin gbé ń jáde, lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gan-an, àmì dúdú wà níbẹ̀ bí ẹ̀kán tàdáwà, lára èyí tí ó gba omi akọ àti lára èyí tí kò gbà á. Ọpọlọ àgbà ti bímọ. Ní 1983 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àwọn kan sọ pé bóyá kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣiṣẹ́ ni, pé bóyá àwọn tí ń di ọpọlọ mú lásán ni. Ẹjọ́ wọn tọ́, nítorí a kì í fi ojú kan gba ohun ìyanu. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Nottebohm àti ọ̀gbẹ́ni Paton ti dígí kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ bọ inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lórí ẹyẹ tí ó wà láàyè, wọ́n fi ìró kan lu etí ẹyẹ náà, sẹ́ẹ̀lì sì dáhùn. Nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, òun ni ó gbé àmì ìbí tuntun dání. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ti ń jẹ́ ìpè. Wọ́n tún wá rí i pé ara ògiri yàrá omi tí ó wà láàárín ọpọlọ ni wọ́n ti ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn lọ sí ibi tí wọn yóò gbé ṣiṣẹ́, bí àwọn ọ̀dọ́ ti í fi abúlé sílẹ̀ lọ sí oko ọ̀nà jíjìn.

Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé èyí ni ó wọ̀ mí lára jù. Sẹ́ẹ̀lì tuntun kì í kàn wọlé nígbà tí ó bá wù ú. Nínú ìbákà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọlé nígbà ìwọ́wé, lẹ́yìn tí àwọn ti àtijọ́ bá ti kú, àkókò yìí kan náà sì ni orin rẹ̀ ń tú. Ní Millbrook, ní ìgbèríko New York, wọ́n wo ẹyẹ kékeré kan tí a ń pè ní chickadee, tí kì í ṣe orin ni í dààmú rẹ̀ ní ìwọ́wé bí kò ṣe oúnjẹ: á máa fi hóró kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí ihò igi káàkiri kí òtútù tó dé, ó sì ní láti rántí ibi tí ó fi wọ́n sí. Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí iṣẹ́ yìí bá le, ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ń pọ̀ jù ní ibi ìrántí nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹyẹ tí ń fò kiri inú igbó sì ní wọn ju èyí tí wọ́n tì mọ́lé tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún lọ.

N kò fẹ́ kí ìtara mi ṣi yín lọ́nà o. Ènìyàn kì í ṣe ìbákà. Ní 1998, àwọn onímọ̀ láti Swídìn àti Amẹ́ríkà jẹ́rìí pé àwọn rí sẹ́ẹ̀lì tuntun ní ibi ìrántí nínú ọpọlọ àwọn àgbàlagbà tí àìsàn jẹjẹrẹ pa, tí ẹni tí ó kéré jù nínú wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní 2018, àwọn kan ní àwọn wá a títí lórí àgbàlagbà, àwọn kò rí i. Àwọn mìíràn ní ọdún kan náà ní àwọn rí i títí dé orí ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ẹni tí ó bá sì wá ta oògùn kan fún yín pé yóò mú ọpọlọ tuntun hù, ẹ lé e jáde. Bí sẹ́ẹ̀lì tuntun ń hù ní orí Màmá Àgbà, bí kò sì hù, n kò ní fi í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí ìbákà fi yé mi ju ìyẹn lọ.

Ẹ padà sí ẹ̀ka igi ní ìgbà ìwọ́wé. Ẹyẹ tí ń dúró níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ó ti ní aya, ó ti ní ọmọ, orin rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi ń kọ́ ti wọn. Síbẹ̀, nígbà tí àkókò àtikọ́ tó, ó gbà kí ohùn rẹ̀ tú, ó gbà kí ó kólòlò ní gbangba fún ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí orin tuntun í gbà wọlé, yálà fún ọmọ ogójì ọjọ́ tàbí fún àgbà ọlọ́dún mẹ́ta. Kò sí ẹyẹ mìíràn lórí igi náà tí ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ohun tí ó pa kíláàsì alẹ́ Màmá Àgbà. Kì í ṣe orí rẹ̀ ni ó ti dé. Ẹ̀rín wa ni ó gbọ́. Àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun ní láti di aláìmọ̀kan fún ìgbà díẹ̀ lójú àwọn tí ń kúnlẹ̀ kí i, ó ní láti kọ b tí ó dojú kọ ẹ̀yìn, kí ó pe ọ̀rọ̀ ní ìpekúpe. Bí a bá sì ti sọ ìtìjú yìí di ohun ẹ̀rín, bí a bá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àgbà ọgọ́rùn-ún sí ìlú kọ̀ọ̀kan, òfo ni.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọ̀kan lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀yin ará ilé. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ padà sí kíláàsì alẹ́, kí wọ́n san owó olùkọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń san ti ọmọdé, kí wọ́n sì ṣe é ní ibi kọ́lọ́fín tí àgbà kò ti ní jókòó lójú fèrèsé kí àwọn èwe máa na ọrùn wò ó.

Ti ẹ̀yin ará ilé ni ó kù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ọdún ẹ̀rín náà, nígbà tí ilé dá, Màmá Àgbà fa síléètì rẹ̀ jáde lábẹ́ àpótí, ó sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún méje, kí ó wá jókòó tì òun. Ọmọ náà kò gbọ́ òwe ìrókò rí. Ó di ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ fa igi gbọọrọ náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, lẹ́tà ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde tán, ìka rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ó ká a, ó sì fi í sínú ìró rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá jókòó nínú ilé yín lálẹ́ òní, tí ó mú ìwé tàbí fóònù lọ́wọ́, tí ó ń kólòlò lórí ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ dunjú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ má sì rẹ́rìn-ín.